Fèrèsé Ló Ń Pàṣẹ fún Àwòrán

Àwòrán ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra ni. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ọmọ la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere, ó ń wo ẹni tó bá ń gba títì kọjá. Obìnrin kan tó ń ta oògùn ní Òsì ló fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní òun fẹ́ kó bo gíláàsì iwájú ilé ìtajà òun láti òkè délẹ̀. Gíláàsì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Irin alumíníọ́mù tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ló pààlà láàárín wọn. Mo gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà, mo fa ìlà síbi tí irin kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí. Irin kẹta gba orí ẹyinjú ọmọ náà kọjá.

Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Irin fèrèsé yín fẹ́ gún ọmọ yìí lójú."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gún un."

Iṣẹ́ sítíkà ni mo ń ṣe. Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sùn, ni mo ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, kí n tó padà wá sílé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé àtẹ̀gùn àti àpò irinṣẹ́ mi káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Kwara níhìn-ín. Ilé oògùn, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé aránṣọ, gbọ̀ngàn ayẹyẹ: ibi tí wọ́n bá ti fi gíláàsì ńlá síwájú ilé ni wọ́n ti ń pè mí. Ohun tí àwọn oníbàárà sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni iye tí ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́. Èmi a máa kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn: níbo ni gíláàsì yín kọjú sí? Ta ló máa wà nínú ilé lálẹ́? Irin mélòó ló wà níbẹ̀? Nítorí pé kò sí àwòrán tó dára títí tó lè borí fèrèsé tí a kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tibi irin yẹn bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé kí wọ́n gé àwòrán sí ọ̀nà mẹ́fà lọ́gbọọgba, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì mẹ́fà. Irin á wá wà láàárín wọn. Ohun tó yẹ kó fara kan ara wọn á fi ìka mẹ́ta mẹ́ta jìnnà síra. Ẹnu ìyá á fẹ̀ jù, apá rẹ̀ á dà bí apá tó kán tí wọn kò tò dáadáa. Ẹ dúró lẹ́yìn fèrèsé onírin kí ẹ wo igi tó wà níta. Irin kò sún igi náà kúrò níbi tó wà. Ó kàn bo díẹ̀ lára rẹ̀ ni, ọkàn yín ló sì ń parí ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán náà gbọ́dọ̀ rí. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta tó bá bọ́ sẹ́yìn irin, a ó yọ ọ́ kúrò, kí ìlà apá wọ inú irin lápá kan, kó sì jáde lápá kejì láìyẹ̀. Ti ọmọ yìí, mo sún gbogbo àwòrán sápá ọ̀tún ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Irin kẹta wá bọ́ sáàárín èjìká ìyá àti etí ọmọ. Iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni èyí tí mo sọ yìí.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yẹn. Ilẹ̀ yìí ni. Ní Òsì yìí ni Arówógun ti gbẹ́ igi, ẹni tí àwọn ìwé òyìnbó ń pè ní Areogun, tó kú ní 1954. Ilẹ̀kùn wà lára ohun tó gbẹ́. Ó máa ń pín pákó ilẹ̀kùn sí ìpele ìpele, ẹlẹ́ṣin níbí, ọmọ ogun lọ́hùn-ún, ìlà tó pààlà láàárín wọn a sì di ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Ìlà yẹn kì í gé ẹnikẹ́ni lórí. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, jogún iṣẹ́ náà. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ ọnà tí àwọn Fadá ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Fadá Kevin Carroll wà, ọ̀dọ̀ Bándélé yìí sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá ti kọ́ṣẹ́ sí i. Lápá Òkè-Ẹ̀rọ̀, ní Kájọlà, Bámigbóyè ni ọ̀gá. Ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó àwọn iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àfihàn ní 2022, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe àfihàn náà. Àwòrán iṣẹ́ àwọn àgbà yìí wà lórí fóònù mi. Ọmọ iṣẹ́ mi kì í fọwọ́ kan sítíkà kí n tó fi hàn án. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé àwa kọ́ la kọ́kọ́ ń fi àwòrán síwájú ilé ní agbègbè yìí, àti pé àwọn tó ṣe é ṣáájú wa mọ pákó wọn kí wọ́n tó gbé àáké.

Sítíkà fúnra rẹ̀, ike ni. SAV la ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Irú ike yìí le tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń fọ́. Waldo Semon ló rí ọ̀nà tó fi rọ̀ bí awọ, ní 1926, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ táyà kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1935 ni Stanton Avery, ará Amẹ́ríkà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé pélébé tó ti ní lẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, tí èèyàn kàn máa bó kó tó lẹ̀ ẹ́. A pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀, ó di iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun.

Oríṣi méjì ló wà tó yẹ kí oníbàárà mọ̀ kó tó sanwó. Ọ̀kan, wọ́n fi irin gbígbóná yí i kó fẹ̀, bí ìgbà tí alásè ń fi igi yí ìyẹ̀fun mítìpáì. Ẹni tó bá ti yí ìyẹ̀fun rí mọ̀ pé bó o bá fi í sílẹ̀, á máa sún kì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sítíkà yẹn ń ṣe nínú oòrùn: bí oṣù ti ń gorí oṣù, etí rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀ dúdú á yọ sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Èkejì, wọ́n dà á ní olómi ni, wọ́n wá yan án gbẹ, bí ìgbà tí a da ògì sínú abọ́ tó sì dì. Kò sẹ́ni tó fà á, nítorí náà kò ní ibi tó fẹ́ padà sí. Ó fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì wọ́n jù ú. Fún ìpolówó oṣù mẹ́ta, ti àkọ́kọ́ tó. Fún ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kí àwòrán òun pẹ́, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó kún un.

Èyí tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù ni oníhò, tí a ń pè ní one-way vision. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Roland Hill ló wà lára àwọn tó gbé irú rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1980. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ihò wínníwínní ló kún ara rẹ̀ bí ajọ̀, ó lè tó ìdajì gbogbo rẹ̀ tó jẹ́ ihò. Àwòrán wà níwájú, ẹ̀yìn dúdú. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ òde ń bà lé àwòrán, ojú ẹni tó wà níta á dúró síbẹ̀, kò ní kọjá. Ẹni tó wà nínú ilé ní tirẹ̀, dúdú ló wà níwájú rẹ̀, dúdú kì í sì í pe ojú. Ojú á gba inú ihò jáde lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni inú fi ń rí títì, tí ẹni títì kò sì rí i.

Ṣùgbọ́n ojú máa ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí, yálà a fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí a kò fẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí a tan iná nínú ilé, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Mo lẹ irú rẹ̀ fún aránṣọ kan ní Ìlọ́fà. Ó fẹ́ ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti lè wọ aṣọ wò láìsí ẹni tó ń yọjú. Mo ṣe é, ó dára, ó dúpẹ́, mo lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ń ti Odò-Ọwà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀kadà tó gbé mi gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Iná jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀ yòò nínú. Mo rí ọmọbìnrin kan tó ń bọ́ bùbá kan kó lè wọ òmíràn, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lára gíláàsì náà. Àwọn ọkùnrin méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní òdìkejì títì. Mo fò sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró dáadáa. Mo sáré wọlé, mo ní, "Ẹ gbà mí, ẹ pa iná yẹn!"

Èmi ni mo jẹ̀bi. Aránṣọ náà kò mọ̀. Èmi mọ̀, n kò sì sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì mo ra aṣọ ìkélé tó nípọn, mo fi owó ara mi kọ́ ọ sẹ́yìn gíláàsì náà. Mo tún lọ bá ìyá ọmọbìnrin yẹn, mo kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá lẹ oníhò tán, n kì í gba ìyókù owó mi lọ́sàn-án. Alẹ́ ni mo máa ń padà wá gbà á, kí èmi àti onílé jọ tan iná, kí a jọ jáde síta, kí a jọ wò ó.

Oníhò ni ti olóògùn Òsì, Ìlọrin la sì ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í tẹ ohun tó fẹ̀ ju bí róòlù ti fẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5, ìdí nìyẹn tó fi ń jáde ní ìlà ìlà. Yíǹkì rẹ̀ ní láti gbẹ fún odindi ọjọ́ kan, kí wọ́n tó fi ike tó mọ́ gaara bò ó. Bí wọ́n bá kánjú bò ó, èéfín yíǹkì á há sínú, sítíkà á rọ̀ jù, lẹ́ẹ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Fún oníhò, ike bíbò yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láìsí i, òjò á kún inú ihò, ẹni tó wà nínú ilé kò ní rí òde mọ́ títí oòrùn á fi gbẹ ẹ́.

Mo máa ń tẹ̀ lé róòlù mi wá fúnra mi, láti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán dé Òsì. Nígbà kan tí mo fi rán awakọ̀, àpò gàárì méjì ló gbé lé e lórí. Ojú àpá tó wà lára rẹ̀ kò fi í sílẹ̀ títí a fi jù ú nù. Róòlù gbọ́dọ̀ yí sára páìpù tó sanra, ojú àwòrán síta, kó dúró tàbí kó sùn jẹ́jẹ́ bí ọmọ tuntun.

Gíláàsì olóògùn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Nítorí náà aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ la ti dé ibẹ̀. Gíláàsì tí oòrùn ti lù máa ń gba lẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ní jẹ́ kí o tún un ṣe, ibi tó bá kọ́kọ́ fara kàn ló ti kú sí.

A kọ́kọ́ fi omi wọ́n ilẹ̀ iwájú ilé, kí eruku lè sùn. Ìgbà ọyẹ́ ni. Láti ìparí ọdún dé oṣù kejì ni afẹ́fẹ́ yẹn ń kó eruku wá láti aṣálẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ibi adágún ńlá kan tó ti gbẹ ní orílẹ̀-èdè Chad, tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Ẹ wo bí ọ̀nà rẹ̀ ti jìn tó, síbẹ̀ abẹ́ sítíkà mi ló fẹ́ wá sùn sí. Ẹyọ kan péré lè gbé ojú sítíkà sókè bí eéwo. A fi omi ọṣẹ wẹ gíláàsì. Nígbà tó ṣì tutù, mo fi abẹ fá àwọn ọ̀dà àti sìmẹ́ǹtì tí àwọn kọ́lékọ́lé fi sílẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, spirit, pẹ̀lú aṣọ tí kì í rún. Igun tí rọ́bà wà ni eruku máa ń sá pamọ́ sí, mo fi aṣọ wé káàdì fóònù àtijọ́, mo ti í wọ ibẹ̀ yí ká. Ìka mi ló máa ń sọ fún mi pé ó ti mọ́: mo fà á lórí gíláàsì, ó dún ṣín-ín.

Ọmọ iṣẹ́ mi di ìsàlẹ̀ mú, mo wà lórí àtẹ̀gùn. A fi tépù gbé gbogbo ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fa kọ́ láìtíì bó wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọdá títì, mo wò ó láti ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ni àwòrán yìí máa dúró sí. Ìlà kẹrin wálẹ̀ díẹ̀. Mo padà, mo gbé e sókè ní ìwọ̀n ẹnu bírò.

Ìgbà yẹn ni mo tó bó o. Ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan péré lókè ni mo bó, mo gé ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, mo jẹ́ kí lẹ́ẹ̀ fara kan gíláàsì. Mo gbé skwíjì, ike pẹlẹbẹ tí mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò létí kó má baà ha àwòrán. Mo tẹ àárín, mo fà á sósì. Mo padà sáàárín, mo fà á sọ́tùn-ún. Ọmọ iṣẹ́ mi ń fa ìwé ẹ̀yìn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi ń fi ọwọ́ kan tẹ̀ lé e. Sítíkà tó dán, tí kò níhò, mo lè fi omi ọṣẹ díẹ̀ síbẹ̀ kó lè yọ̀, kí n lè sún un. Oníhò kò fẹ́ omi. Gbígbẹ la ń lẹ̀ ẹ́. Kò sì fẹ́ kí a fà á. Bí a bá fà á, ihò á gùn bí ẹyin, àwòrán á gùn, ìlà tó kàn kò ní bá a mu mọ́. Mo máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé, "Má fà á. Jẹ́ kó wá bá ẹ fúnra rẹ̀."

Nígbà tó lẹ̀ tán, mo fi abẹ tuntun gé etí rẹ̀. Mo fi àlàfo kékeré sílẹ̀, tó tó sísanra owó ẹyọ méjì, láàárín sítíkà àti rọ́bà. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò jẹ́ kó kan rọ́bà. Rọ́bà máa ń kó omi àti eruku jọ, ohun tó bá kàn án á ká. Ohun mìíràn tún wà: n kì í fi sítíkà dúdú lásán bo gbogbo gíláàsì ní ibi tí oòrùn ti ń lù ú. Mo ti ṣe é rí fún ṣọ́ọ̀bù kan nínú oṣù kẹta. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gíláàsì náà dún kàà, ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti etí dé etí. Dúdú ti gba ooru oòrùn sínú, àárín gíláàsì gbóná, ó ń fẹ̀. Etí rẹ̀ tó wà nínú irin ṣì tutù, kò fẹ̀. Ibi tí kò fẹ̀ ló ya. Èmi ni mo ra gíláàsì mìíràn.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì tún kan àwọn ẹyẹ. Ní gbọ̀ngàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan la máa ń rí ológoṣẹ́ tàbí àdàbà tó sùn sílẹ̀ níwájú gíláàsì, nítorí ẹyẹ rò pé ojú ọ̀run tó rí nínú rẹ̀ lòun ń fò lọ. Ní Chicago l'Ámẹ́ríkà, ilé ńlá kan tó ń jẹ́ McCormick Place wà létí adágún. Ẹyẹ tó tó 1,000 ló forí sọ gíláàsì rẹ̀ tí wọ́n sì kú láàárín alẹ́ kan nínú oṣù kẹwàá 2023. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ sítíkà alámì tótòtó mọ́ gbogbo gíláàsì náà, àmì kan kò sì jìnnà sí èkejì, kí ẹyẹ má baà rò pé òun lè gba àárín wọn kọjá. Ikú àwọn ẹyẹ náà dín kù púpọ̀púpọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo lẹ irú rẹ̀ fún gbọ̀ngàn wa lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àjẹkù sítíkà tí mo gé róbótó róbótó. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń fi gíláàsì kọ́lé ṣe bẹ́ẹ̀.

Àjẹkù tí kò wúlò mọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú iná. Èéfín ike yìí ní ásíìdì nínú, ó ń jó ojú àti ọ̀fun, síbẹ̀ mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi í dáná. Mo tún máa ń bẹ àwọn ìyá wa tó ń gba fílẹ́ẹ̀sì ìpolówó àtijọ́ sá èlùbọ́: ẹ sá a sórí àpáta bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àpáta kò ní yíǹkì.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni a parí ti olóògùn. Ó dúró sínú, lẹ́yìn ìyá àti ọmọ, ó ń ka àwọn ọ̀kadà tó ń kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní màá padà wá lálẹ́.

Nígbà tí mo dé, ó ti tan gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo mú un jáde, a jọ dúró sí òdìkejì títì. Ìyá àti ọmọ ti pòórá. Pẹpẹ oògùn la rí, àti ọmọbìnrin tó ń bá a tajà, tó tẹrí ba, tó ń ka owó ọjọ́ náà lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ síta gbangba. Olóògùn fọwọ́ bo ẹnu. Ó wọlé, ó ní kí ọmọ náà gbé owó lọ sẹ́yìn, ó pa gílóòbù mẹ́ta iwájú, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ lókè pẹpẹ ẹ̀yìn pátápátá. Inú ilé ṣókùnkùn. Ó padà wá dúró tì mí. Mọ́tò kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Òmù-Àrán, iná rẹ̀ yí sára gíláàsì, ọmọ náà la ojú rẹ̀ méjèèjì.